Lẹ́tà méjì níwájú àpótí oògùn: ìṣẹ̀lẹ̀ Vanderbilt ọdún 2017 lójú akẹ́kọ̀ọ́ másítà nursing informatics

Oògùn tí nọ́ọ̀sì náà ń wá wà nínú àpótí oògùn oníkọ̀ǹpútà. Ní aago 2:47 ọ̀sán ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, dókítà kan ní Vanderbilt University Medical Center, nílùú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee, kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà: Versed, mílígíráàmù 2, kó gba iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé. Ní 2:49 apoògùn yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọwọ́ sí i. Ní 2:59 nọ́ọ̀sì ti dúró níwájú àpótí, ohun tó sì mú jáde ni vecuronium. Fún odidi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni oògùn tòótọ́ ti wà lábẹ́ orúkọ aláìsàn náà. Midazolam ni àpótí ń pè é. Versed, orúkọ ọjà oògùn kan náà, ni nọ́ọ̀sì ń wá.

Aláìsàn náà jẹ́ ìyá àgbà ẹni ọdún 75. Ẹ̀jẹ̀ ló dà sí i ní agbárí, wọ́n gbà á sí ICU (wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe) àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ní ọjọ́ 24, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ fún PET scan, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà. Inú ibi tóóró máa ń bà á lẹ́rù, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní nǹkan tí ọkàn òun á fi balẹ̀. Ibẹ̀ ni Versed ti wọ ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n rán, RaDonda Vaught, kò ní aláìsàn tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló ń ran gbogbo ICU lọ́wọ́ níbi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀, nọ́ọ̀sì tuntun kan tó ń kọ́ iṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé e kiri. Bó ṣe ń ṣí àpótí, bẹ́ẹ̀ ló ń bá ọmọ iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀ nípa aláìsàn mìíràn.

Ó wá Versed nínú àkójọ aláìsàn náà, kò rí i. Ó tẹ override, bọ́tìnì tó ń jẹ́ kéèyàn mú oògùn láìdúró de apoògùn. Ó tẹ V, ó tẹ E, ó mú èyí tó ṣíwájú nínú ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde. Ìkìlọ̀ pupa kan yọ lójú ẹ̀rọ pé oògùn kíákíá nìkan ló yẹ kéèyàn fi override mú. Ó tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ẹ̀tù ló wà nínú ìgò náà, bẹ́ẹ̀ Versed kì í ṣe ẹ̀tù, omi ni. Ó yí ìgò náà sẹ́yìn láti ka bí wọ́n ṣe ń pò ó, kò sì wo orúkọ tó wà níwájú. Lórí ìdérí ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé oògùn tó ń rọni lápá rọni lẹ́sẹ̀ ni. Ó pò ó, ó fún aláìsàn, ó sì bá iṣẹ́ mìíràn lọ.

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tó yéni, ó yẹ kéèyàn mọ iṣẹ́ vecuronium. Ìgò kan gba ẹ̀tù mílígíráàmù 10. Mìlílítà omi 10 ni wọ́n fi ń pò ó, kí mìlílítà kọ̀ọ̀kan lè ní mílígíráàmù 1. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, gbogbo iṣan tí èèyàn ń fi ìfẹ́ inú rẹ̀ lò á dákẹ́, títí kan èyí tó ń gbé èémí sókè sódò, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 25 sí 40 bó bá jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò. Kì í mú oorun wá. Kì í pa ìrora. Ẹni tó gbà á ń gbọ́, ó ń mọ̀ ọ́n lára, kò kàn lè mí, kò sì lè ké ni. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí páìpù ti wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tàbí tí dókítà ti dúró sí orí rẹ̀ láti tì í bọ̀ ọ́. Ìyá yìí wà nínú yàrá ìdúró níbi PET scan, kò sí mọ́nítọ̀ lára rẹ̀. Ó tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹni tó wá gbé e tó rí i pé kò mí mọ́. Wọ́n jí ọkàn rẹ̀ padà, ọpọlọ kò jí. Ó kú ní òru mọ́jú ọjọ́ 27.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, ká yára gbà á kọjá. Ilé ìwòsàn lé Vaught níṣẹ́ ní oṣù Kíní ọdún 2018. Ẹnìkan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ló ta ìjọba lólobó, tí CMS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó Medicare, fi ya bo ibẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Inú ìròyìn àwọn olùyẹ̀wò wọ̀nyẹn ni aago tí a kọ sókè ti wá. Wọ́n mú Vaught ní oṣù Kejì ọdún 2019. Ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì Tennessee gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2021. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2022 ìgbìmọ̀ adájọ́ dá a lẹ́bi ìpànìyàn látàrí àìbìkítà àti àìtọ́jú àgbàlagbà tí kò lè ṣe fún ara rẹ̀, wọ́n sì dá a sílẹ̀ nínú ẹ̀sùn ìpànìyàn tó wúwo ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún, adájọ́ fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta láìsí ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ṣì ń jiyàn bóyá ẹjọ́ náà tọ́. Ní tiwa, àṣìṣe tó ṣe kì í ṣe kékeré, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó gba ìwé ìgò kíkà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kàwé másítà nínú nursing informatics tó sì parí iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan ló pinnu, ní oṣù púpọ̀ ṣáájú, pé lẹ́tà méjì ti tó láti gbé oògùn jáde. Ẹnìkan ló fi vecuronium sí àkójọ override. Ẹnìkan ló ṣètò ibi tí sikánà tó ń ka bákóòdù oògùn máa wà àti ibi tí kò ní sí. Àwọn ìpinnu wọ̀nyí ni iṣẹ́ informatics, wọ́n sì ṣeé yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fún ẹni tí orúkọ ẹ̀kọ́ yìí ṣì ṣàjèjì sí: nursing informatics ni ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò kọ̀ǹpútà àti àkọsílẹ̀ tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lò. American Nurses Association gbà á ní ẹ̀ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó dá dúró ní ọdún 1992, University of Maryland sì ti ń kọ́ni ní másítà rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ìwé ẹ̀rí tí ANCC, ẹ̀ka American Nurses Association tó ń fún nọ́ọ̀sì ní ìwé ẹ̀rí, ń fúnni, NI-BC, ń béèrè ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì (RN), dìgírì àkọ́kọ́, ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wákàtí 30 ẹ̀kọ́ informatics láàárín ọdún mẹ́ta, àti wákàtí iṣẹ́ gan-an. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yunifásítì lè fi practicum, iṣẹ́ àfikọ́ra tó wà lára ẹ̀kọ́ rẹ̀, dípò wákàtí iṣẹ́ wọ̀nyẹn, bí practicum náà bá pé wákàtí 200 ó kéré tán lábẹ́ alábòójútó. Inú wákàtí 200 yẹn ni irú iṣẹ́ tí a fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín máa ń bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń ná an tán lórí páwápọ́ìntì.

Ẹ tún aago ṣe kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti to ìṣẹ́jú sí ẹsẹẹsẹ. Àkọsílẹ̀ tó wúlò kò sí lójú kan: ọ́dà dókítà àti ìfọwọ́sí apoògùn wà nínú kọ̀ǹpútà ìtọ́jú aláìsàn, ìṣípayá dúrọ́ọ̀ wà nínú sáfà àpótí oògùn, mọ́nítọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ mẹ́ta, aago mẹ́ta. Bí aago àpótí bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣíwájú ti kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì lè dà bí ẹni tó mú oògùn kí dókítà tó kọ ọ́, ìròyìn yín á sì bà á lórúkọ jẹ́ lásán. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí ẹ dúró níwájú àpótí, kí ẹ fi orúkọ aláìsàn àdánwò mú nǹkan kan tí kò léwu, kí ẹ kọ aago ọwọ́ yín sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ yòókù. Ìyàtọ̀ tí ẹ bá rí, ẹ yọ ọ́ tàbí ẹ fi kún un nínú gbogbo ìlà. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ tí wọ́n ń yí aago padà ní oṣù Kẹta àti oṣù Kọkànlá ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kọkànlá, wákàtí kan á ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú àkọsílẹ̀; ní oṣù Kẹta, wákàtí kan á pòórá.

Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ Vanderbilt, ìṣẹ́jú méjìlá tó wà láàárín 2:47 àti 2:59 ló sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù. Ó fi hàn pé kì í ṣe apoògùn tó fi nǹkan falẹ̀ ló lé nọ́ọ̀sì sí override lọ́tẹ̀ yìí. Ọ́dà ti dé, ìfọwọ́sí ti dé. Orúkọ ni kò bára mu.

V, E

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí dáadáa. Àpótí oògùn dà bí ATM: nọ́ọ̀sì á fi ìka tàbí páásíwọ́ọ̀dù wọlé, á yan aláìsàn, kìkì oògùn tí apoògùn ti fọwọ́ sí fún aláìsàn náà ló sì máa jáde. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní prófáìlì. Override ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ṣe é nítorí pé bí ọkàn èèyàn bá dúró, kò sẹ́ni tó ń dúró de apoògùn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ohun gbogbo tó wà nínú àkójọ override ló ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti tẹ lẹ́tà.

Tẹ V àti E. Ẹ̀rọ ń to orúkọ ní abídí. C ṣáájú R, nítorí náà vecuronium ni yóò ṣíwájú. Ẹ wò ó dáadáa: kódà bí wọ́n bá ti ṣètò àpótí náà láti fi orúkọ ọjà hàn, tí Versed fi wà nínú àkójọ, abẹ́ vecuronium ló máa wà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ pé "kí wọ́n fi orúkọ ọjà kún un", wọ́n á sì gbà pé àwọn ti tún un ṣe. Wọ́n ti tún ìdajì rẹ̀ ṣe: Versed á yọ nínú prófáìlì, nọ́ọ̀sì kò sì ní rí ìdí láti lọ sí override. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé override ṣì máa bá oògùn tó léwu jù lókè pátápátá.

Ìmọ̀ràn ISMP, àjọ tó ń ṣọ́ àṣìṣe oògùn ní Amẹ́ríkà, ni pé kí ẹ̀rọ máa gba lẹ́tà márùn-ún ó kéré tán kó tó gbé oògùn kankan jáde. VERSE kò lè gbé vecuronium wá láéláé. Kí ló dé tó fi jẹ́ márùn-ún? Fún oògùn méjì yìí, mẹ́ta ti tó: VEC yàtọ̀ sí VER. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ MET kí ẹ wo ohun tó máa jáde: metformin, metoprolol, metronidazole, methadone, methotrexate. Pẹ̀lú METFO àti METRO, wọ́n ti pínyà. Síbẹ̀ márùn-ún kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. METHO ṣì ń gbé methotrexate àti methocarbamol jáde pọ̀, ọ̀kan fún àrùn jẹjẹrẹ àti àrùn oríkèé, èkejì fún ẹ̀yìn dídùn.

Ó sì ní ìyà tirẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó tẹ "midas" dípò "midaz", kò ní rí nǹkan kan. Ibi tí ìdẹ́rùn wà ni kí oògùn ìjí-ọkàn-padà má wà lára ohun tí wọ́n ń fi lẹ́tà wá rárá, kí wọ́n kó wọn sínú àpò pàjáwìrì tí bọ́tìnì kan ṣoṣo ń ṣí. Àwọn kan ń sọ pé lẹ́tà márùn-ún á pa èèyàn nítorí ìdádúró. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n bá tan lẹ́tà márùn-ún láìkọ́kọ́ to àpò pàjáwìrì.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kan àwọn nọ́ọ̀sì tiwa gan-an. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Iléṣà tó wá bá ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan ní Houston mọ paracetamol, adrenaline, salbutamol àti pethidine. Àpótí Amẹ́ríkà mọ acetaminophen, epinephrine, albuterol àti meperidine. Bí ẹni tó ṣètò ẹ̀rọ kò bá so orúkọ méjèèjì pọ̀, PARAC kò ní mú nǹkan kan jáde, nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú á sì dúró bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Títẹ orúkọ méjì sórí ìlà kan, midazolam pẹ̀lú Versed, kì í gba ju ọ̀sán kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní àṣẹ. Ohun tó gba àkókò ni ìpàdé tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó fàyè gbà á.

Override tó ti di ìṣe ojoojúmọ́

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, oṣù kan ṣáájú ikú yìí, Vanderbilt kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sórí Epic, sọ́fítíwíà àkọsílẹ̀ aláìsàn tuntun. Vaught sọ níwájú ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì pé lẹ́yìn ìyípadà yẹn, kọ̀ǹpútà tuntun, fámásì àti àpótí kì í tètè gbọ́ra yé, àti pé override ni wọ́n fi ń rọ́nà gbé e gbà, tó fi dórí omi ara lásán. Òṣìṣẹ́ fámásì Vanderbilt kan tó ń bójú tó ààbò oògùn jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé wọ́n ti yanjú ìṣòro náà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Wáyà lè ti sopọ̀, kí ọwọ́ má sì tíì gbàgbé. Fún ìyá yìí nìkan ṣoṣo, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó kéré tán ogún ìgbà ni wọ́n ti fi override mú oògùn. Ìkìlọ̀ pupa tí ẹ bá ti rí lórí omi iyọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìgbà wo ni ẹ máa kà á nígbà tó bá yọ lórí vecuronium?

Nítorí náà, ìròyìn override ni ọkàn practicum yìí. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ gba àkọsílẹ̀ gbogbo oògùn tí wọ́n mú nínú àpótí fún ọjọ́ 90 láti ọwọ́ fámásì. Ẹ gba gbogbo ọ́dà oògùn fún àkókò kan náà. Ẹ so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà aláìsàn, oògùn, àti àkókò, kí ẹ wá pín override sí agbọ̀n mẹ́rin: èyí tí kò ní ọ́dà kankan, èyí tí ọ́dà dé lẹ́yìn rẹ̀ láìpẹ́, tó jọ pàjáwìrì gidi, èyí tí ọ́dà ti wà ṣùgbọ́n tí apoògùn kò tíì fọwọ́ sí i, àti èyí tí ọ́dà wà, tí ìfọwọ́sí wà, tí nọ́ọ̀sì sì tún gba ẹ̀yìn wọlé.

Agbọ̀n kẹrin yẹn ni agbọ̀n Versed. Kò yẹ kí ohunkóhun wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ jẹ́ àmì pé ẹnìkan wá oògùn tó wà ńlẹ̀ tí kò rí i, ìyẹn àléébù lójú ẹ̀rọ, ó sì máa ń hàn kí ẹnikẹ́ni tó kú. Ẹ to agbọ̀n náà ní oògùn sí oògùn, èyí tó bá pọ̀ jù á wà lókè, ẹ ó sì sábà rí i pé oògùn tí gbogbo èèyàn ń fi orúkọ ọjà pè ló wà níbẹ̀.

Ibi tí ìsopọ̀ yìí ti ń bàjẹ́ gba sùúrù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn fi NDC so wọ́n pọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó wà lára páálí oògùn. Díjíìtì mẹ́wàá ni NDC ara páálí, tí wọ́n pín sí 4-4-2, tàbí 5-3-2, tàbí 5-4-1. Ẹ̀ka tó ń gba owó ń lo díjíìtì mọ́kànlá, 5-4-2, wọ́n á ti òdo kan bọ iwájú apá tí díjíìtì rẹ̀ bá kù. Bí ẹ bá so mẹ́wàá mọ́ mọ́kànlá, ìlà tó pọ̀ á já bọ́ láìsí ariwo, agbọ̀n àkọ́kọ́ á wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, ẹ ó sì lọ fẹ̀sùn kan àwọn nọ́ọ̀sì pé wọ́n ń mú oògùn láìsí ọ́dà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, dókítà kò kọ ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn, midazolam ló kọ. Àpótí sì lè ní ti ilé iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ gbé méjèèjì lọ sí ìpele èròjà oògùn, pẹ̀lú RxNorm, àkójọ orúkọ oògùn tí National Library of Medicine ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ tó so wọ́n. Ẹ tún wo àwọn aláìsàn pàjáwìrì tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní nọ́ńbà ìgbà díẹ̀, tí nọ́ńbà wọn wá yí padà ní òru.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó wo àkójọ override fúnra rẹ̀. Oògùn tó ń rọ iṣan wà lára àwọn tí ISMP pè ní oògùn eléwu gíga. Ó yẹ kó wà nínú ICU, kò yẹ kó wà nínú àpò gbalasa lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn èébì. Inú àpótí kékeré tí a dí pa ni àyè rẹ̀, pẹ̀lú ohun gbogbo tí wọ́n fi ń ti páìpù sí ọ̀fun, kí ìkìlọ̀ tó máa yọ sì jẹ́ ìbéèrè tó nílò ìdáhùn: ṣé páìpù wà ní ọ̀fun aláìsàn yìí, àbí wọ́n fẹ́ tì í bọ̀ ọ́ nísinsìnyí? Ìkìlọ̀ tó jẹ́ pé OK nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sí kì í pẹ́ di ohun tí ọwọ́ ń tẹ̀ kí ojú tó rí i.

Ibi tí sikánà kò dé

Ní ICU, bákóòdù ìgò náà ì bá ti kígbe. Sikánà ń fi bákóòdù oògùn wé ọ́dà aláìsàn tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ń fi hàn. Vecuronium kò sí nínú ọ́dà, iṣẹ́ ì bá dúró. Ní ibi PET scan, sikánà kò sí.

Leapfrog, àjọ tó ń fi máàkì fún ilé ìwòsàn, ń béèrè pé kí nọ́ọ̀sì lo sikánà fún ó kéré tán 95% oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn. Ilé ìwòsàn tó bá dé ibẹ̀ á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bi ni pé 95% nínú kí ni. Wọ́ọ̀dù tó ní sikánà ni wọ́n sábà máa ń kà. Oògùn tí wọ́n fún èèyàn ní kọ́rídọ̀ X-ray, níbi endoscopy, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, kì í bọ́ sínú ìṣirò náà, nítorí náà kò lè mú un wálẹ̀. Ẹ ya máàpù ilé ìwòsàn, ẹ rìn ín ní ẹsẹ̀, ẹ fàmì sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń fún èèyàn lóògùn, kí ẹ wá fi pupa kun ibi tí kò ní sikánà. Ọjọ́ kan péré ni, ó sì wúlò ju orí kejì ọ̀pọ̀ ìwé àṣekágbá lọ.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé: bákóòdù wà lára ìgò, kò sí lára sírínjì. Ẹni tó bá pò ó tán ní wọ́ọ̀dù tó gbé sírínjì lọ sí ìsàlẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi sikánà kà mọ́, àní bí sikánà bá wà níbẹ̀. Nítorí náà, ríra sikánà fún PET kò tó. Ìlànà gbọ́dọ̀ sọ pé kí ìgò bá nọ́ọ̀sì dé ẹ̀gbẹ́ aláìsàn, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tó fà á.

Mọ́nítọ̀ ni tó kẹ́yìn, ó sì kúrú. Ọ́dà Versed dá wọlé ni, kò ní ọ́dà ìṣọ́ tó tẹ̀ lé e. Kódà bó bá jẹ́ midazolam gan-an ni wọ́n fún un, èémí ẹni ọdún 75 lè falẹ̀. Ẹni tó ń kọ order set, àkójọ ọ́dà tó ń wọlé pọ̀, lè so wọ́n pọ̀: midazolam tó ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó ń kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí pulse oximeter (ẹ̀rọ tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀) àti orúkọ nọ́ọ̀sì tó máa dúró tì í wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà lè yọ ọ́ bí kò bá nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń yọ ọ́ ni.

Ohun tí ẹ máa fà lé wọn lọ́wọ́

Ìwé ìbéèrè àyípadà ni, kì í ṣe àròkọ. Ó ní ìṣètò tó wà báyìí, ìṣètò tí ẹ fẹ́, ẹni tó ni ìpinnu, bí wọ́n ṣe máa dá a padà bó bá bàjẹ́, àti ìdánwò. Nọ́ọ̀sì ICU méjì, apoògùn kan àti dókítà apàmọ̀lára kan gbọ́dọ̀ ti rí i kó tó dé ìgbìmọ̀. Bí kò bá sí dókítà apàmọ̀lára, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá tan án.

Ètò lẹ́tà márùn-ún wà nínú sọ́fítíwíà àpótí Omnicell láti ọdún 2020, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa tan án; kì í tan ara rẹ̀. Torí náà, kí ẹ tó kọ pé ó wà, ẹ lọ sídìí àpótí. Inú àpótí àdánwò ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú èyí tí wọ́ọ̀dù ń lò, kí ẹni tó ṣètò rẹ̀ má sì jẹ́ ẹni tó máa dán an wò. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ní iṣẹ́ òru wá tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń kún fún oorun. MIDAZ: midazolam pẹ̀lú Versed lórí ìlà kan. VERSE: ìlà yẹn kan náà. VECUR, láìsí ọ́dà: ìbéèrè páìpù ọ̀fun. Lẹ́yìn náà, kí ó tẹ V, kí ó tẹ E, kí ó sì dúró. Ojú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà ní òfìfo.